Ẹ̀rí Inú Wàrà

Ní orílẹ̀-èdè Swídìn, ọkọ̀ táńkà tó ń gba wàrà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ kì í gbé e lọ lásán. Kí wọ́n tó da wàrà oko kan pọ̀ mọ́ ti òmíràn, wọ́n á ti bu díẹ̀ sínú ìgò kékeré kan tó ní nọ́ńbà oko náà lára. Ìgò yìí ló ń lọ sí ilé àyẹ̀wò. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń wo bí ọ̀rá àti purotéènì inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, nítorí ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n fi ń ṣírò owó tí àgbẹ̀ máa gbà. Bó ṣe wà nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó di àwọn ọdún 1990, ìgò kékeré yìí kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ìbéèrè mìíràn tó wúwo ju ọ̀rọ̀ owó lọ: ǹjẹ́ fáírọ́ọ̀sì kan ti gba inú agbo màlúù yìí kọjá rí? Iṣẹ́ tí ìbéèrè yìí ṣe ni mo fẹ́ yìn níhìn-ín. Lójú tèmi, ó wà lára iṣẹ́ tó mọ́ jù lọ tí àwọn dókítà ẹranko tíì ṣe, nítorí ìwọ̀nba ohun tí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ màlúù kéré, ohun tí wọ́n sì ti ibẹ̀ mọ̀ pọ̀ gan-an.

Àrùn tí ọ̀rọ̀ kàn ni èyí tí wọ́n ń pè ní BVD, ìyẹn bovine viral diarrhoea lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1946 ni Peter Olafson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cornell, ní ìpínlẹ̀ New York, kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ pé àrùn tuntun kan ti dé tó ń ran màlúù. Ìgbẹ́ gbuuru ni wọ́n rí nígbà náà, ibẹ̀ sì ni orúkọ àrùn náà ti wá. Àṣé ìgbẹ́ gbuuru kọ́ ni ibi tó ti ń ṣọṣẹ́ jù. Màlúù tó ti dàgbà lè kó o, kó má sì ju ibà díẹ̀ àti àìjẹun ọjọ́ mélòó kan lọ. Wàrà rẹ̀ á dín, ara rẹ̀ á tún yá, àgbẹ̀ sì lè má fura rárá. Inú ìyá tó lóyún ni jàǹbá wà. Oyún á bàjẹ́. Màlúù tí akọ ti gùn á tún máa wá akọ kiri. Ọmọ tí wọ́n bí lè jẹ́ ahẹrẹpẹ, ojú rẹ̀ sì lè fọ́ látinú wá. Bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ á máa pàdánù lọ́dọọdún, tí kò ní mọ ọ̀tá tó ń bá jà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ jù nìyí. Bí fáírọ́ọ̀sì náà bá wọ ara ìyá nígbà tí oyún kò tíì kọjá nǹkan bí oṣù mẹ́rin, ara ọmọ inú kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dá àjèjì mọ̀. Fáírọ́ọ̀sì á wọlé tọ̀ ọ́, ọmọ náà á sì gbà á bí ẹni pé ara òun ni. Bí wọ́n bá bí i láàyè, títí ọjọ́ ikú rẹ̀ ni yóò máa gbé kòkòrò náà kiri. Yóò máa tú u dà sínú itọ́, sínú ikun imú, sínú ìtọ̀ àti wàrà, ara rẹ̀ kò sì ní bá a jà lọ́jọ́ kan. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó gbé àrùn wáyé báyìí kì í pé ọdún méjì kí wọ́n tó kú. Àwọn mìíràn á dàgbà, wọ́n á dán, àgbẹ̀ á máa fi wọ́n yangàn, wọ́n á sì bí ọmọ tó gbé e wáyé bíi tiwọn. Níbi tí àrùn náà bá ti fìdí kalẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún màlúù, ẹyọ kan tàbí méjì ni irú wọn máa ń jẹ́, síbẹ̀ àwọn ni orísun tí gbogbo agbo ti ń mu àrùn. Ní ọdún 1984, Joe Brownlie àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé pé àwọn gan-an náà ni oríṣi BVD tó burú jù ń pa, èyí tó ń sọ ẹnu àti ìfun di egbò.

Ara àwọn màlúù yòókù kì í gba gbẹ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wọlé, ara á ṣe èròjà agbóguntàrùn tó máa dì mọ́ ọn, tí kò fi ní ráyè ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, èròjà yìí á ti hàn nínú ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò á lọ, agbóguntàrùn á ṣẹ́kù. Ọ̀pọ̀ ọdún ló máa ń fi wà lára màlúù tó ti ní BVD rí, a sì máa bá ọ̀pọ̀ nínú wọn dé ọjọ́ alẹ́. Láti inú ẹ̀jẹ̀ ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ti ń bọ́ sínú wàrà, ìdí nìyẹn tí wàrà táǹkì oko kan fi lè sọ ohun tí ojú agbo náà ti rí.

Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ lóye àyẹ̀wò yìí fi ohun kan sọ́kàn dáadáa. Bí àyẹ̀wò bá sọ pé màlúù kan ní agbóguntàrùn, kò sọ pé àrùn wà lára rẹ̀ báyìí. Ohun tó ń sọ ni pé ó ti bá àrùn pàdé, ó sì ti borí rẹ̀. Irú màlúù bẹ́ẹ̀ kì í kó àrùn ran ẹlòmíràn. Èyí tó ń fi àrùn ran gbogbo agbo ni kò ní agbóguntàrùn kankan, nítorí ara rẹ̀ kò jà rí. Àgbẹ̀ tí kò bá mọ èyí lè ta ẹran tó dára kó sì máa bọ́ ẹran tó ń pa á lẹ́kún. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ọgbọ́n àyẹ̀wò yìí pọ̀ ju ọgbọ́n ẹ̀rọ lọ: ọgbọ́n mímọ ẹni tó yẹ ká bi léèrè ni, àti ohun tí ìdáhùn rẹ̀ túmọ̀ sí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ní iyì tirẹ̀. Nígbà kan, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá agbóguntàrùn wà nínú ẹ̀jẹ̀ ní láti po omi ẹ̀jẹ̀ náà mọ́ fáírọ́ọ̀sì ààyè, kó dà á lé sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń sìn nínú ilé àyẹ̀wò, kó sì máa wò ó fún ọjọ́ mélòó kan bóyá sẹ́ẹ̀lì náà á yè. Ó péye, ṣùgbọ́n ó lọ́ra, ó sì wọ́n. Ní Amẹ́ríkà, Rosalyn Yalow àti Solomon Berson wá ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń wọn àwọn èròjà tíntìntín inú ẹ̀jẹ̀ nípa lílo ohun tó ń tú ìtànṣán jáde, iṣẹ́ náà ló sì gba ẹ̀bùn Nobel fún Yalow ní ọdún 1977. Ìtànṣán sì rèé, kì í ṣe ohun tí gbogbo ilé àyẹ̀wò lè fọwọ́ kàn. Ọdún 1971 ni ọ̀nà là. Eva Engvall àti Peter Perlmann, ní Stockholm tó jẹ́ olú-ìlú Swídìn fúnra rẹ̀, fi ẹ́ńsáìmù tó ń pa àwọ̀ dà rọ́pò ìtànṣán. Lọ́dún yẹn kan náà ni Bauke van Weemen àti Anton Schuurs ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì gbé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ jáde, láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ kan wo ti èkejì. ELISA ni wọ́n ń pe ọ̀nà yìí kárí ayé dòní.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn ká wò ó. Àwo ike pẹlẹbẹ kan ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ, ihò kéékèèké 96 ló sì wà lára rẹ̀, mẹ́jọ ní ìbú, méjìlá ní òró. Wọ́n ti fi èròjà fáírọ́ọ̀sì BVD tí kò lè ṣèèyàn tàbí ẹran níbi mọ́ lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ á kán wàrà oko kan sínú ihò kan. Bí agbóguntàrùn bá wà nínú wàrà náà, á dì mọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀ gírígírí. Bí kò bá sí, wàrà náà á kàn wà níbẹ̀ lásán ni. Wọ́n á fi omi oníyọ̀ fọ àwo náà, ohun tí kò bá dì mọ́ nǹkan kan á bá omi lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da èròjà kejì sí i, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó dì mọ́ agbóguntàrùn màlúù níbikíbi tó bá ti rí i. Wọ́n ti so ẹ́ńsáìmù kan mọ́ ọn lẹ́yìn, èyí tí wọ́n ń yọ lára gbòǹgbò kan tó ń ta lẹ́nu, tí àwọn ará Yúróòpù máa ń rin sí ẹran jẹ. Wọ́n á tún fọ àwo. Wọ́n á wá da omi kan sí i tí kò ní àwọ̀ rárá, wọ́n á sì dúró.

Kò ní pẹ́ tí ihò kan á bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀ aró, èkejì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì wà bó ṣe wà. Òmíràn á mú díẹ̀, òmíràn á ki dòò. Bí wọ́n bá kán áásìdì sí i láti dá iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù dúró, gbogbo àwọ̀ aró á yí padà di àwọ̀ ìyeyè lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ kan á tan iná gba inú ihò kọ̀ọ̀kan kọjá, á wọn ìmọ́lẹ̀ tí àwọ̀ náà gbé mì, á sì fún un ní nọ́ńbà. Bí àwọ̀ bá ṣe ki tó ni agbóguntàrùn ṣe pọ̀ tó. Ohun tó wù mí jù nínú gbogbo ètò yìí ni fífọ̀ tí wọ́n ń fọ àwo náà léraléra. Orí fífọ̀ ni òtítọ́ àyẹ̀wò dúró lé. Ohun tí kò bá ní ìdí láti wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ, kí èyí tó bá ṣẹ́kù tó lè jẹ́rìí. Òṣìṣẹ́ tó bá fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú fífọ̀ á sọ oko aláìlẹ́bi di oko alárùn.

Kí nọ́ńbà tó jáde wá túmọ̀ sí? Dókítà ẹranko kan ní Swídìn, Rauni Niskanen, fara balẹ̀ wo wàrà táǹkì àwọn oko, ó fi wé ìdáhùn màlúù kọ̀ọ̀kan nínú agbo, ó sì fi hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 pé méjèèjì bára mu. Bí màlúù tó ní agbóguntàrùn bá ṣe pọ̀ tó nínú agbo ni nọ́ńbà táǹkì ṣe ń ga tó. Ni wọ́n bá pín àwọn oko sí ipò mẹ́rin, láti 0 dé 3. Oko tó wà ní ipò 0, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí màlúù kan níbẹ̀ tó ti bá àrùn náà pàdé. Oko tó wà ní ipò 3, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló ti pàdé rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ọmọ kan tó gbé e wáyé ṣì wà láàárín wọn. Láìgún màlúù kan lábẹ́rẹ́, láìwọ ọgbà àgbẹ̀ kan, ìgò wàrà kan ṣoṣo ti ya oko tó yẹ kí dókítà sáré lọ sí sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó lè fi lọ́kàn balẹ̀.

Àwọn oko tó wà láàárín ló gba ìrònú. Nítorí pé agbóguntàrùn kì í tètè kúrò lára, àwọn abo màlúù àgbà lè máa jẹ́rìí sí àrùn tó ti lọ láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Wàrà wọn á sọ pé àrùn wá, kò ní sọ pé ó ti lọ. Níbi yìí ni wọ́n ti ń yíjú sí àwọn ọ̀dọ́ màlúù tí kò tíì bímọ rí. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ lára mélòó kan nínú wọn, àwọn tó ti tó nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án sókè, nítorí èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ lè ṣì ní agbóguntàrùn tó mu nínú wàrà àkọ́kọ́ ìyá rẹ̀, ẹ̀rí ìyá ni ìyẹn, kì í ṣe ẹ̀rí ọmọ. Bí kò bá sí nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí, a jẹ́ pé àrùn kò sí lágbo láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé. Bí ó bá wà lára gbogbo wọn, ọmọ tó gbé e wáyé kò jìnnà. Àwọn baba wa ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àgbà agbo jẹ́rìí sí àná, ọ̀dọ́ agbo jẹ́rìí sí òní, ẹni tó bá gbọ́ ti apá kan tó dájọ́ kò tíì gbọ́ ẹjọ́.

Ọdún 1993 ni ètò Swídìn bẹ̀rẹ̀ kárí orílẹ̀-èdè. Nọ́wè, Dẹ́ńmákì àti Fínlándì náà gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní àwọn ọdún yẹn. Nígbà náà, ó sún mọ́ ìdajì nínú àwọn oko wàrà Swídìn tí àrùn náà wà. Kò sí òfin tó fipá mú ẹnikẹ́ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ olówàrà fúnra wọn ló gbé e rù, àwọn onímọ̀ ní Uppsala sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ìgbà tí ọ̀pọ̀ ti wọlé tán ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti kó àwọn tó kù mọ́ra. Ann Lindberg àti Stefan Alenius kọ ìlànà iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1999, kò sì lọ́jú pọ̀: ẹ mọ oko tí àrùn wà àti èyí tí kò sí, ẹ wá àwọn ọmọ tó gbé e wáyé rí kí ẹ sì mú wọn kúrò lágbo, ẹ má jẹ́ kó padà wọ oko tó ti mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra màlúù á rà á níbi tí wọ́n ti ní ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó ní oko mímọ́ kò ní jẹ́ kí ẹran rẹ̀ fimú kan ti aládùúgbò lójú ọgbà.

Ìpinnu kan wà nínú ètò yìí tó gba ìgboyà. Wọn kò gún màlúù kankan ní abẹ́rẹ́ àjẹsára BVD. Àjẹsára náà máa ń mú kí ara ṣe agbóguntàrùn, ELISA tí wọ́n ń lò kò sì lè mọ èyí tí abẹ́rẹ́ mú wá yàtọ̀ sí èyí tí àrùn mú wá. Bí wọ́n bá gún gbogbo ẹran, gbogbo táǹkì á máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ̀rí á sì parẹ́. Wọ́n yàn láti rí òtítọ́, wọ́n sì gbà láti wà láìní ààbò abẹ́rẹ́ títí iṣẹ́ fi parí. Nígbà tó fi máa di ọdún 2014, Swídìn ti bọ́ lọ́wọ́ BVD. Ọ̀nà kan kọ́ ló wọ ọjà o. Swítsálándì ní ọdún 2008, àti Jámánì ní ọdún 2011, gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n ń gé bíńtín lára etí ọmọ màlúù tuntun, wọ́n sì ń wá fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀nà yẹn yá, ó sì dára fún ibi tí màlúù ẹran jíjẹ ti pọ̀ tí kò sí táǹkì wàrà tí wọ́n lè bi léèrè. Àyẹ̀wò táǹkì náà sì ní ààlà rẹ̀, nítorí màlúù tí wàrà rẹ̀ ti gbẹ fúngbà díẹ̀ àti ọ̀dọ́ tí kò tíì bímọ kò sí nínú ohun tó ń sọ.

Ilẹ̀ wa náà mọ ìwúlò irú ẹ̀rí báyìí. Ní àwọn ọdún 1980, àrùn rinderpest pa màlúù lọ bí ilẹ̀ bí ẹní ní Nàìjíríà, pàápàá lápá Àríwá. Nítorí àrùn yìí gan-an ni wọ́n ṣe dá ilé ìwádìí àrùn ẹranko tó wà ní Vom, lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì, sílẹ̀ ní ọdún 1924. Àjẹsára tí Walter Plowright ṣe ní Muguga, ní Kẹ́ńyà, ló ká àrùn náà lọ́wọ́ kò. Ṣùgbọ́n ELISA ló fi hàn pé abẹ́rẹ́ ti ṣiṣẹ́, òun náà ló sì fi hàn pé àrùn ti lọ. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ abẹ́rẹ́ dúró, ẹ̀jẹ̀ àwọn màlúù tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Ọ̀dọ́ tí kò gba abẹ́rẹ́, tí kò sì ní agbóguntàrùn, ẹ̀rí ló jẹ́ pé kòkòrò kò sí nílẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2011, wọ́n kéde pé rinderpest ti kúrò láyé, òun sì ni àrùn ẹranko àkọ́kọ́ tí ọmọ aráyé pa rẹ́ pátápátá.

Lóde òní, ọ̀rọ̀ màlúù olówàrà tún ti ń gbérí nílẹ̀ Yorùbá. Ní Ìkùn-Èkìtì, oko wàrà tó ti dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ti padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ti kó màlúù Jersey wá síbẹ̀ láti òkè òkun. Inú mi dùn sí i, nítorí púpọ̀ nínú mílíìkì tí à ń rà nínú agolo àti sáṣẹ́ẹ̀tì, ìyẹ̀fun rẹ̀ wá láti ìlú òyìnbó. Ìmọ̀ràn mi fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kó irú ẹran bẹ́ẹ̀ wọlé ni kó má wo ìwọ̀n wàrà àti ìran nìkan. Abo màlúù tó lóyún, tí ara rẹ̀ le koko, tí agbóguntàrùn kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, lè gbé ọmọ tó gbé BVD wáyé sínú, àyẹ̀wò ìyá kò sì lè fi ọmọ inú hàn dájú. Kí olùrà bèèrè ìwé ẹ̀rí agbo tí ẹran ti wá. Kí ó ya ẹran tuntun sọ́tọ̀. Bí ọmọ bá délẹ̀, kí wọ́n yẹ ọmọ fúnra rẹ̀ wò fún fáírọ́ọ̀sì kí wọ́n tó jẹ́ kó wọ agbo.

ELISA kò wo màlúù kan sàn rí. Ohun tó ṣe fún Swídìn ni pé ó fún àwọn àgbẹ̀ ní òtítọ́ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn náà sì gbà láti ṣe ohun tí òtítọ́ náà béèrè, títí kan mímú ẹran tó ń dán lójú wọn kúrò lágbo. Àwọn onímọ̀ tó ṣe àwo oníhò 96 yẹ fún oríyìn. Àwọn àgbẹ̀ tó gba ohun tí àwo náà sọ gbọ́, tí wọ́n sì ṣe é fún ogún ọdún gbáko láìyẹsẹ̀, oríyìn tiwọn kò gbọ́dọ̀ kéré sí i.